Ojú ìwé 36 tó pé: àgbéyẹ̀wò àwọn ìwé ewì pẹlẹbẹ

Kékeré l'abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí ọ̀rọ̀ ìwé ewì pẹlẹbẹ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ó wọ àpò, ènìyàn lè kà á tán ní ìjókòó kan. Àmọ́ àṣìṣe kan nínú rẹ̀ hàn ju mẹ́wàá inú ìwé ńlá lọ, nítorí kò síbi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké tó dá dúró ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù jáde, iṣẹ́ ọwọ́ wọn la sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò: bí wọ́n ṣe ń to ewì, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń dì í, àti ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ló ṣáájú gbogbo ìbéèrè yòókù. Ṣé odidi ìwé ni èyí, àbí àbọ̀ ìwé mìíràn tí kò tíì jáde?

Ní 1964, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi ìlànà lélẹ̀ pé ìwé tó bá ní ojú ìwé 5 sí 48, láìka èèpo rẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ ni. Láti 49 sókè ni wọ́n ń kà kún ìwé ńlá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì ẹ̀yẹ Michael Marks tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009 fún ìwé ewì pẹlẹbẹ fi ojú ìwé 36 ṣe ẹnu ààlà. Iye yẹn bá iṣẹ́ ọwọ́ mu. Bébà A4 kan tí a bá ká sí méjì di ojú ìwé 4, bébà 9 di 36. Ìdí nìyí tí iye ojú ìwé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín: 20, 24, 28, 32, 36. Bí iṣẹ́ akéwì bá gba 30, àfi kí 2 ṣófo, tàbí kí olóòtú yọ ohun tó tó ojú ìwé 2 kúrò. Ilé ìtẹ̀wé tó mọṣẹ́ máa ń sọ èyí fún akéwì kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á wá ewì tí kò tíì jinná fi dí àlàfo náà, ẹni tó bá sì mọ ewì kà yóò tọ́ ọ wò lẹ́nu lójú ẹsẹ̀.

Àìrówó-ná nìkan kọ́ ló bí irú ìwé yìí. Hogarth Press tí Leonard àti Virginia Woolf, tọkọtaya òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní 1917 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan nínú ilé wọn. Ìwé ewì àkọ́kọ́ tí Christopher Okigbo ṣe, ọ̀dọ̀ ilé ìtẹ̀wé Mbari ní Ìbàdàn ló ti jáde ní 1962, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ sì ni. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní àbọ̀ ìwé.

Nínú ojú ìwé 36, ewì kọ́ ló máa gba gbogbo rẹ̀. Ojú ìwé àkọlé wà, ojú ìwé tó gbé ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) àti ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà, àtòjọ àkóónú wà, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ àti orúkọ àwọn ìwé ìròyìn tí ewì ti kọ́kọ́ jáde wà. Márùn-ún tàbí mẹ́fà ti lọ. Nínú 30 tó kù, ewì 18 sí 22 ló máa ń gba inú rẹ̀ láìfún ara wọn pa. Tí ẹ bá rí 28, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé dáadáa: lẹ́tà á ti kéré, ewì méjì á ti máa pín ojú ìwé kan bí àjèjì méjì tó pín ẹní kan.

Títò ewì ni iṣẹ́ gan-an. Nínú ìwé ńlá, ewì mẹ́ta tó rọ̀ lè kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bìkítà. Nínú 20, mẹ́ta ti tó ìdá kan nínú méje. Ewì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ òǹkàwé bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn akéwì náà, kó sì fi ohun kan sílẹ̀ tí ọkàn yóò máa wá kiri. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi ewì tó ti gba ẹ̀bùn síwájú. Irú ewì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń parí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, nítorí òun nìkan ló dá dúró níwájú àwọn adájọ́. Ó ń ti ilẹ̀kùn kí àlejò tó wọlé. Ipò kẹta tàbí ìkẹrin ló bá a mu jù.

Lẹ́yìn náà ni àárín ìwé. Nínú ìwé ojú ìwé 36, ojú ìwé 18 àti 19 wà lórí bébà kan náà, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, ìṣẹ́po nìkan ló la àárín wọn. Ibẹ̀ nìkan ni ìlà ewì ti lè rìn láti òsì dé ọ̀tún láìfọ́. Akéwì tó ní ewì gbígbòòrò kan, tàbí èyí tó ní ohùn méjì tó ń dá ara wọn lóhùn, ibẹ̀ ni kó gbé e sí. Ìwé tó fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tàbí ewì onílà mẹ́rin sí ibẹ̀ ti fi ìjókòó ọlọ́lá sílẹ̀ lófo.

Ojú ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé fi 2 pín máa ń wà lápá òsì. Nítorí náà, ewì tó gba ojú ìwé méjì, òsì ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kí òǹkàwé lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún, a gbọ́dọ̀ ṣí ìwé kí a tó rí ìyókù. Nígbà mìíràn ohun tí akéwì fẹ́ nìyẹn: kí ìlà tó gbẹ̀yìn lójú ìwé ọ̀tún fi òǹkàwé sínú ìfòyà, kí ìṣíwèé sì jẹ́ ìdáhùn. Ẹ ó mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe ni tàbí ó ṣèèṣì. Bí ìlà náà bá dá dúró sórí ọ̀rọ̀ tí kò wúwo, bí "àti" tàbí "tí", ó ṣèèṣì ni. Bákan náà, tí ìpín ewì kan bá parí sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tí ìpín tuntun sì bẹ̀rẹ̀ lókè èyí tó tẹ̀lé e, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá àlàfo wà láàárín wọn. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: kí wọ́n ti ìlà méjì kọjá sí òdìkejì, kí ìpín náà lè pín lójú gbogbo ayé.

Ẹ fi ọgbọ́n kan wo iṣẹ́ olóòtú. Ẹ kọ ìlà ìparí gbogbo ewì inú ìwé náà sórí bébà kan, ní títẹ̀lé ara wọn. Bí 12 nínú 20 bá jẹ́ gbólóhùn ọlọgbọ́n tó ń ṣàlàyé ohun tí ewì ti sọ, tàbí tí gbogbo wọn ń parí sí ìmọ́lẹ̀, odò, tàbí ọwọ́ ìyá, kò sẹ́ni tó jókòó ti akéwì náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkọlé náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú àwòrán kan tó ń padà wá, kí ẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Àwítúnwí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀nà ọnà-èdè pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n bí odò inú ewì kejì bá gbé òkú lọ, tí odò inú ewì kọkànlá tún gbé òkú lọ, tí ti ìkejìdínlógún náà tún gbé e, àwòrán yẹn ti kú ṣáájú òkú náà. Bí ti ìkejìdínlógún bá gbẹ, tí egungun sì jáde, ìyẹn ni pé ìwé náà ń rìn síwájú. Nínú ìwé tó kéré tó báyìí, ọ̀nà tí àwòrán ń gbà yí padà ló ń sọ ewì ogún di odidi kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé tuntun ti ń kùnà: ewì kọ̀ọ̀kan dára, àmọ́ kò sí èyí tó gbọ́ ohun tí èkejì sọ.

Ọ̀rọ̀ gígùn ìlà wá ńkọ́? Ìwé A5, ìyẹn àbọ̀ bébà A4, jẹ́ mìlímítà 148 níbùú. Tí a bá fi 18 sílẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, ó ku 112. Lẹ́tà ìwọ̀n 11 yóò gba bíi 60 sí 65 lórí ìlà kan, pẹ̀lú àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Akéwì tó ń kọ ìlà gígùn lórí bébà A4 nínú kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé púpọ̀ nínú ìlà òun ni yóò ṣẹ́ nígbà tó bá dé A5. Bí ìlà bá ṣẹ́, ìyókù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú díẹ̀ kí a lè mọ̀ pé ìlà kan náà ni. Bí kò bá wọ inú, ó di ìlà tuntun tí akéwì kò kọ rí. Bí ìlà tó ń ṣẹ́ bá ju mẹ́rin márùn-ún lọ nínú gbogbo ìwé, kí wọ́n yí ìwọ̀n ìwé padà sí èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n má sọ lẹ́tà di 9 nítorí rẹ̀.

A fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí àmì ohùn, nítorí ibẹ̀ ni ewì Yorùbá àti ti gbogbo èdè olóhùn ti ń jìyà jù. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí àmì bá ṣubú, ọkùnrin inú ilé, irinṣẹ́ oko, ohun ìrìnnà àti ohun ìjà ti di ọ̀kan náà. Nínú ìròyìn, òǹkàwé lè fi ìtumọ̀ gbólóhùn mọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Nínú ewì tó jẹ́ pé ìfọ̀rọ̀dárà lórí ohùn ni gbogbo adùn rẹ̀, ewì náà ti tán nìyẹn.

Ìdí tó fi ń bàjẹ́ kì í ṣe àìbìkítà nìkan. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà là ń kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà la ó gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe fún iṣẹ́ yìí á ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé e lé lẹ́tà tó tẹ̀lé e, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif máa ń gbé e síbi tó yẹ. Àṣìṣe tó ń ya ni lẹ́nu jù ni ti àkọlé: wọ́n á fi fọ́ǹtì tó dára tẹ ewì, wọ́n á wá fi fọ́ǹtì alárà tẹ àkọlé, èyí tí kò ní ẹ tàbí ṣ. Kọ̀ǹpútà á lọ yá lẹ́tà yẹn lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ó sì rí i pé ẹ kan sanra ju àwọn ará ilé rẹ̀ lọ. Kí olóòtú tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kó tẹ ìlà ìdánwò kan bíi "ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀ṣọ́, ńlá, ǹjẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀" ní lẹ́tà lásán, lẹ́tà tó dagun àti lẹ́tà tó dúdú, kó sì tẹ ẹ́ jáde lórí bébà. Ohun tí ojú rí lójú kọ̀ǹpútà kò tó. Kó tún rí i dájú pé fọ́ǹtì wà nínú fáìlì PDF náà fúnra rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé lè má ní i.

Fún ìwé elédè méjì, kí ewì àti ìtumọ̀ rẹ̀ dojú kọ ara wọn, ìlà sí ìlà. Bí ìtumọ̀ bá gùn ju ewì lọ, kí wọ́n ṣí àlàfo sílẹ̀ lápá kejì. Ìwé tó kó gbogbo ewì sí iwájú tó sì kó ìtumọ̀ sí ẹ̀yìn ń fi ìṣíwèé pa òǹkàwé lára.

Ó kan dídì. Sítépù méjì lórí ìṣẹ́po ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Ẹ ṣí àárín ìwé: kí ẹsẹ̀ sítépù wà nínú, kó sùn pẹlẹbẹ, kó má gún ìka. Kó wà lórí ìlà ìṣẹ́po gan-an. Bó bá fi mìlímítà kan péré yà kúrò, ìwé kò ní ṣí dáadáa, bébà àárín á sì ya níbẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin, sítépù lásán á dípẹtà, á sì fi àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú sí ẹ̀gbẹ́ ewì. Ohun mìíràn tún wà: bébà inú máa ń yọ jáde ju ti òde lọ nígbà tí a bá ká wọn pọ̀, ó lè tó mìlímítà kan nínú ìwé ojú ìwé 40. Bí wọ́n bá wá gé etí rẹ̀ kó dọ́gba, àlàfo etí ojú ìwé àárín á kéré ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà ojú ìwé tó wà létí gan-an lè bá a lọ.

Ìwé tí wọ́n fi òwú rán la fẹ́ràn jù. Ihò mẹ́ta tó fún A5. Òwú náà yóò gùn tó ìlọ́po méjì àbọ̀ gígùn ìṣẹ́po. Láti inú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: abẹ́rẹ́ á jáde ní ihò àárín, á wọlé padà ní ihò òkè, á fo àárín kọjá nínú, á jáde ní ihò ìsàlẹ̀, á sì tún wọlé ní àárín. Etí òwú méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ òwú gígùn tó kọjá láàárín, kí ìdè tí wọ́n bá so lè dì í mú. Bí méjèèjì bá wà lápá kan, ìdè náà á tú kó tó pẹ́. Bí wọ́n bá sì fa òwú sókè tààrà nígbà tí wọ́n ń fún un, dípò kí wọ́n fà á ní títẹ̀lé ìṣẹ́po, bébà á ya. Ẹ wo ihò òkè àti ìsàlẹ̀ nínú ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ rà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọwọ́ tó kánjú.

Gọ́ọ̀mù kò yẹ ìwé tó bá kéré sí ojú ìwé 48, bó ti wù kí ẹ̀yìn onígun rẹ̀ wu ilé ìtẹ̀wé tó. Ẹ̀yìn tí kò nípọn ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ kò ní ibi tí gọ́ọ̀mù lè di mú. Ìwé náà kò ní tẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ ìlà á rì sínú ìṣẹ́po, lẹ́yìn tí wọ́n bá sì kà á bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ojú ìwé á máa já. Ní ti bébà ẹyọ kan tí wọ́n là láàárín tí wọ́n sì ká di ojú ìwé 8, ó dára gan-an fún ewì kúkúrú márùn-ún tàbí fún ewì gígùn kan. Kí wọ́n má ti ewì 10 mọ́ ọn.

Bébà gíráàmù 80 (ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó rẹ̀) lè tó fún lẹ́tà ọ́fíìsì. Nínú ewì, ewì òdìkejì á máa hàn gba inú rẹ̀ kọjá, á sì máa sọ̀rọ̀ níbi tí akéwì ti fẹ́ kó dákẹ́. Láti 100 sí 120 ló dára. Kí fọ́nrán inú bébà máa lọ ní títẹ̀lé ìṣẹ́po. Bó bá dábùú rẹ̀, èèpo gíráàmù 250 á sán lójú ìṣẹ́po, ìwé náà á sì máa la ẹnu sílẹ̀. Ẹ tẹ èèpo náà díẹ̀ sí ìhà méjèèjì láìṣẹ́ ẹ. Ìhà tó bá rọ̀ jù ni fọ́nrán rẹ̀ tẹ̀ lé.

Àwòrán èèpo kò tó ohun tí à ń jà lé lórí. Ọ̀rọ̀ ìyìn ẹ̀yìn ìwé náà, ẹ kà á lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka ewì tán. Ẹ̀dà PDF wúlò fún alámèyítọ́ tó wà lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n kí ó ṣí i ní ojú ìwé méjì méjì, pẹ̀lú èèpo lọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òsì á di ọ̀tún, gbogbo ohun tí a ti sọ nípa àárín ìwé á sì sọnù.

Alámèyítọ́ náà ní ẹrù tirẹ̀. Kó kà á lẹ́ẹ̀kan láìdúró, kó kà á lẹ́ẹ̀kejì sókè kí etí lè gbọ́ ibi tí mímí ti ń hán, kó sì fi pẹ́ńsù kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ìwé márùn-ún nínú àpilẹ̀kọ ọlọ́rọ̀ 800 túmọ̀ sí 160 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìtàn ìgbésí ayé akéwì bá gba àbọ̀, kí ló kù fún ewì? Ìwé méjì tàbí mẹ́ta ló tó. Kó fa ìlà ewì mẹ́ta sí mẹ́fà yọ bí wọ́n ṣe tò ó gan-an, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀; odidi ewì kan nínú 20 jẹ́ ìdá kan nínú ogún ìwé náà, kó tọrọ àyè kó tó gbé e jáde. Bó bá jẹ́ pé olóòtú ilé ìtẹ̀wé náà ti gbé ìwé tirẹ̀ jáde rí, kó sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Kó kọ iye ojú ìwé, ìwọ̀n ìwé àti bí wọ́n ṣe dì í. Kó tún wádìí bóyá ẹ̀dà ṣì wà, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé kéékèèké kì í tẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún díẹ̀ lọ, ìyìn fún ìwé tó ti tán kò sì ṣe òǹkàwé láǹfààní bí wọn kò bá tún un tẹ̀.

Ó ku ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Àwọn ilé ìtẹ̀wé tó dára jù máa ń kọ ọ́ síbẹ̀: fọ́ǹtì tí wọ́n lò, irú bébà, iye ẹ̀dà, orúkọ ẹni tó ya èèpo, orúkọ ẹni tó rán an, àti nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ìlà mẹ́fà péré ni. Àwọn tó bá ń fi í sílẹ̀ ní òfìfo, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti ibẹ̀.